Mi Ò Mú Nǹkan Kan Wá Fún Yín

Ellisboro, Wisconsin
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Garrick ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Láti ọdún Àjíǹde ni mo ti ń yọjú wo àpótí lẹ́tà láràárọ̀, ìwé owó iná nìkan ni mò ń bá níbẹ̀. Mo gbọ́ pé Rexford tó ni ilẹ̀ tí ẹ ń gbé ti fòfin de tẹlifóònù. Ṣé ó ti wá fòfin de bírò náà ni? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò fẹ́ òfin kankan láyé yín.

Ara mi le, àfi orúnkún tó máa ń dùn mí tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Òjò náà sì ń rọ̀, inú ilé ìdáná mi ló ń rọ̀ sí. Ọmọ tí mo bí kan òrùlé fún ìdajì Ellisboro, bàsíà ló wá ń gba omi lórí sítóòfù ìyá rẹ̀. Tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá béèrè ẹ, mo máa ń sọ pé o wà ní Paraguay, o ń gbádùn òmìnira. Wọ́n á wo ara wọn lójú, wọ́n á ní, "Ó mà dáa o."

Ó dáa, gbọ́ ìròyìn. Whitcomb Dray, gómìnà wa àná, ni ẹgbẹ́ wa fà kalẹ̀ láti du ipò ààrẹ. Mo mọ̀ pé o ti tutọ́ sílẹ̀ bí o ṣe ka orúkọ yẹn. Nu ẹnu rẹ, kí o máa kà á lọ. Nígbà ìdìbò tó kọjá, ìbò díẹ̀ báyìí la fi pàdánù Wisconsin, èyí tí ẹ̀yin ẹgbẹ́ Libertarian gbà sì ju díẹ̀ yẹn lọ. Ẹgbẹ́ Ẹ-fi-wá-sílẹ̀, bí bàbá rẹ ṣe máa ń pè yín kó tó kú. Ẹ ò lè wọlé láéláé, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń da iyanrìn sí oúnjẹ ẹlòmíì. Ìdí nìyẹn tí Dray fi fẹ́ wá bá àwọn èèyàn rẹ ṣọ̀rẹ́ lọ́dún yìí.

Wọ́n rán ọ̀gá tuntun wá sí ọ́fíìsì ìpolongo wa láti Washington. Tolliver lorúkọ rẹ̀. Ó wọ bàtà oko tí kò tí ì tẹ ẹrẹ̀ rí látọjọ́ tó ti rà á. Ó dúró láàárín wa lọ́jọ́ Ajé, ó ní, "Ta ló mọ Libertarian kan níbí?" Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá béèrè ẹni tí iná orí ń yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu. Mo nawọ́. Mo ní, "Mo bí ọ̀kan."

Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n fẹ́?"

"Wọn ò fẹ́ nǹkan kan. Wàhálà wọn gan-an nìyẹn."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀! Ọmọ tó lọ sí yunifásítì ńlá.

Nítorí náà, fún mi ní nǹkan tí mo lè sọ fún un. Báwo ni wọ́n ṣe ń bá àwọn èèyàn rẹ sọ̀rọ̀ tí wọn ò fi ní bú èèyàn? Kí o sì tètè béèrè ìwé ìdìbò rẹ, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ níbẹ̀. O ti sá kúrò nílé, ó kéré tán dìbò bí ọmọlúàbí.

Ìyá rẹ,
Arlys


Campo Franco, Paraguay
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú orúnkún. Ẹ sọ fún Nadine aládùúgbò yín kó bá yín pe ọmọ rẹ̀ kó wá wo òrùlé yẹn, èmi náà á kọ̀wé sí i. Ẹ má fi bàsíà gba omi lórí iná mọ́, ẹ ó para yín.

Ìgbà òtútù la wà níbí, ṣùgbọ́n òtútù tí ẹ̀yin á fi rẹ́rìn-ín ni. Òrùlé ilé ìpàdé ni mò ń kàn lọ́wọ́. Rexford ní ilé yẹn ló máa jẹ́ ilé àkọ́kọ́ láyé tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pàṣẹ fún ẹnì kejì nínú rẹ̀. Ó ti ní kí n tú igi àjà rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ibi tí mo gbé e gbà ò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ ní Dray. Màmá, Dray! Ṣé ẹ ti gbàgbé Nadine náà ni? Obìnrin tó ń ṣe irun fún àwọn arúgbó nínú ilé ìdáná rẹ̀, tí ọlọ́pàá méjì wá gbé ẹ̀rọ tó fi ń mú irun gbẹ lọ bí ẹni gbé ìbọn, torí kò ní ìwé àṣẹ? Ta ni gómìnà nígbà yẹn? Ta ló fọwọ́ sí òfin náà, tó tún rẹ́rìn-ín fún àwọn oníròyìn? Dray fẹ́ràn òmìnira bí ológbò ṣe fẹ́ràn omi ìwẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè rí ìdí táwọn èèyàn fi ń mí láì gba ìwé àṣẹ, òun ló fẹ́ wá bá wa ṣọ̀rẹ́.

Ẹ sọ fún Tolliver yín pé kó lọ sinmi. Ọ̀rọ̀ kan péré ni àwọn èèyàn mi ti ń retí látọjọ́ tí wọ́n ti dáyé: kí olóṣèlú kan dìde níwájú wọn, kó ní, "Mi ò mú nǹkan kan wá fún yín. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Màá kúrò lójú ọ̀nà yín." Tí Dray bá lè sọ ìyẹn kí ahọ́n rẹ̀ má wọ́, èmi fúnra mi á fi ẹnu lá sítáǹpù, màá dìbò fún un. Kò lè sọ ọ́. Kó tó dé àárín, á ti ṣèlérí afárá fún wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bọ́tà ẹ̀pà ránṣẹ́, èyí tí ẹ̀pà wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí i níbí.

Ọmọ yín,
Garrick


Ellisboro
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Keje

Garrick mi ọ̀wọ́n,

Jókòó kí o tó ka èyí. Ó sọ ọ́! Ahọ́n rẹ̀ ò wọ́!

Mo ka lẹ́tà rẹ fún Tolliver, ibi tó dáa níbẹ̀ o, mi ò ka ti ológbò. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun mú un dání. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì, ó di Madison, òtẹ́ẹ̀lì etí odò níbi tí àwọn Libertarian ìpínlẹ̀ yìí ti ń ṣe àpèjọ wọn.

Garrick, èmi ti rí nǹkan nínú òṣèlú, mi ò rí irú èyí rí. Ọkùnrin kan gbé adìẹ láàyè sábẹ́ apá, ó ní àpẹẹrẹ ni. Àpẹẹrẹ kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Boyd Lasecki ọ̀rẹ́ rẹ ni alága, Boyd tó jẹ oúnjẹ mi títí ẹ fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Ó ní kí wọ́n jókòó. Obìnrin kan dìde, ó ní ta ló fún un láṣẹ láti ní kí èèyàn jókòó. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fà títí kọfí mi fi tutù. Mo ń wò wọ́n, mo ń sọ lọ́kàn mi pé àwọn tí ọmọ mi torí wọn fi ilé sílẹ̀ nìyí.

Dray wọlé. Wọ́n hó lé e lórí bí ẹni lé ajá. Ó dúró jẹ́ẹ́ títí ariwo fi rọlẹ̀. Ó wá tẹ̀ síwájú, ó ní: "Mi ò mú nǹkan kan wá fún yín."

Wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ọ̀kan rẹ́rìn-ín. Ó sọ ìyókù, gbogbo ẹ̀ pátápátá bí o ṣe kọ ọ́. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, adìẹ yẹn fò bọ́ lọ́wọ́ olówó rẹ̀. Boyd gun pèpéle, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní ọlọ́gbọ́n ju gbogbo wa lọ! Ẹnì kan sọ fún wọn pé òun ò ní fún wọn ní nǹkan kan, inú wọn wá dùn bí ọmọ tó rí àkàrà òyìnbó.

Àwọn oníròyìn bi Dray léèrè ibi tó ti rí ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, "Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ni. Ọmọ rẹ̀ ń gbé láàárín àwọn olómìnira ní Campo Franco, ní Paraguay." Fọ́tò mi jáde nínú ìwé ìròyìn! Mo gé e sínú àpòòwé yìí. Wo bí mo ṣe wú fùkẹ̀.

O ṣèlérí, o. Lá sítáǹpù rẹ.

Ìyá rẹ tí inú rẹ̀ ń dùn,
Arlys


Campo Franco
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ

Ìyáàfin Kvamme,

Ẹ kú ilé.

Mo rí fọ́tò yín. Kí n tó rí i, Rexford ti rí i. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí i lórí tẹlifóònù, torí òun nìkan ni òfin tẹlifóònù ò bá wí.

Èébú ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ gbé èébú mi lọ fún ẹni tí mo bú, ó fi ṣe aṣọ wọ̀. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún yín pé ohun tí mo bá bá yín sọ, èmi àti ẹ̀yin la jọ ń sọ ọ́. Kò wọ̀ yín létí rí. Gbogbo nǹkan tó bá bọ́ sọ́wọ́ yín, ẹgbẹ́ lẹ máa gbé e fún. Ọgbọ̀n ọdún lẹ ti ń po kọfí fún wọn. Ìjókòó wo ni wọ́n fún yín rí, yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́bàá ẹ̀rọ kọfí?

Rexford pè wá jọ sábẹ́ òrùlé tí mo kàn. Ó ní, "Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ sí olóṣèlú lẹ́nu, òṣìṣẹ́ ìjọba ni."

Mo ní, "Ìyá mi ni mo kọ̀wé sí."

Ó ní, "Ìjọba náà ní ìyá."

Àwọn tí mo kan òrùlé fún ń mi orí sí i. Ẹ má dààmú, kò sí nǹkan tó ṣe mí. Ọ̀rọ̀ náà á yanjú. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gba lẹ́tà mi lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn, kí ẹ sì sọ fún àwọn oníròyìn pé mi ò bá Dray ṣe. Tí ẹ ò bá tí ì ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ̀wé sí mi.

G. Kvamme


Ellisboro
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ

Garrick,

Ìyáàfin Kvamme rí lẹ́tà rẹ gbà. Ara rẹ̀ le, o ṣeun tí o ò béèrè.

Ṣé èmi ni mo ní kí o máa kọ ọ̀rọ̀ tó dùn létí? Wọn ò sọ fún mi pé àṣírí ni. Ìyá wo ni ọmọ rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n tí kò ní fi ṣe fáàrí? O lọ sí òpin ayé kí ìjọba má baà rí ẹ, ẹ ti dá ilé ẹjọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ sì ti ní adájọ́. Ìgbà wo ni ọgbà ẹ̀wọ̀n máa ṣí?

Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Mo fi bọ́tà ẹ̀pà ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbínú rẹ.

Kọ̀wé padà.

Ìyá rẹ


Ellisboro
Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án

Garrick ọmọ mi,

Ṣé o wà? Ṣé ara rẹ yá? Mi ò gbọ́ nǹkan kan látọ̀dọ̀ rẹ. Mo pe nọ́ḿbà Rexford tó wà nínú ìwé ìpolówó wọn. Ẹnì kan gbé e, ó ní àwọn kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní, "Kí ni ìtumọ̀ kò sí?" Ó pa á mọ́ mi létí. Mi ò sùn dáadáa látìgbà yẹn. Tí o bá ń bínú, máa bínú, ṣùgbọ́n fi ọwọ́ rẹ kọ ọ́ kí n rí i.

Mo ní ọ̀rọ̀ láti bá ẹ sọ, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ tó dùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Dray wá jẹ ẹja díndín pẹ̀lú ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́pàá ní gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Àwa obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì la din ẹja náà. Ó dúró níwájú wọn, ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́, òun máa fún wọn: ọkọ̀ tuntun, ìbọn tuntun, àṣẹ láti já ilẹ̀kùn tó bá wù wọ́n láì kọ́kọ́ lọ bá adájọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ń gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń yí ẹja lórí iná. Mo ní, ó dáa, òṣèlú nìyẹn, kò sí èyí tó ní ẹnu kan ṣoṣo nínú wọn.

Ó wá wọ ilé ìdáná kó lè nu epo lára táì rẹ̀, Tolliver tẹ̀ lé e. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Tolliver ní, "Ọ̀gá, tí ọ̀rọ̀ alẹ́ yìí bá dé etí àwọn Libertarian ńkọ́?"

Dray rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àwọn wèrè yẹn? Mo sọ fún wọn pé mi ò ní fún wọn ní nǹkan kan, wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mi ò ra ìbò tó pọ́ọ́kú tó yẹn rí."

Ṣíbí tí mo fi ń yí ẹja wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Gómìnà, ọ̀kan nínú àwọn wèrè yẹn, èmi ni mo bí i."

Ó yíjú sí mi. Ojú ò tì í. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ojú tì í díẹ̀ ni, ǹ bá ti gbójú fò ó. Ó gbé ẹ̀rín tó máa ń fi ya fọ́tò sójú, ó ní, "Ìyá, ọmọ gidi lẹ bí. Ẹja yìí mà dùn o." Ó bá jáde.

Garrick, mo ti pe àwọn èèyàn rẹ ní wèrè rí. Mo sọ ọ́ lórí tábìlì, mo sọ ọ́ nínú lẹ́tà, màá tún sọ ọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo lóyún rẹ. Dray ò lóyún ẹnikẹ́ni.

Mo ní kí Tolliver dá lẹ́tà rẹ padà fún mi. Ó ní, "Mà, ó ti di ti ìpolongo." Mo ní, "Ti ìyá ẹ ni!" Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú gbọ̀ngàn àwọn panápaná. Mo bọ́ épírọ́ọ̀nù lé ẹja wọn lórí, mo wakọ̀ lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá Boyd Lasecki ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún ẹ̀rọ ìgégi ṣe. Mo rò pé tó bá gbọ́, á fa ẹgbẹ́ yín kúrò lẹ́yìn Dray lójú ẹsẹ̀. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un pátápátá. Ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Ó nu ọwọ́ títí, àfi bí ẹni pé ọwọ́ náà ò lópin.

Ó ní, "Ìyáàfin Kvamme, mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ó ń pè wá ní wèrè. Gbogbo wọn ló ń pè wá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ fún wa lága."

"Kí ni wọ́n ṣèlérí fún ẹ, Boyd?"

"Èèyàn gbọ́dọ̀ wọ inú ilé kó tó lè tún un ṣe."

"Mo ní kí ni wọ́n ṣèlérí fún ẹ?"

Etí rẹ̀ pọ́n bí ìgbà tó jẹ́ ọmọ kékeré tó jí bísíkíìtì mi. Boyd! Ẹni tí kò gba ìwé àṣẹ ìpẹja láti ìgbà tó ti dàgbà, tó ní ẹja inú odò kì í ṣe ti ìjọba. Mo wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń gbé adìẹ kiri yẹn sàn jù ú lọ. Wèrè wọn, wèrè gidi ni, kò sẹ́ni tó rà á.

Mi ò mọ ẹni tí mo tún lè sọ èyí fún, ìwọ nìkan ló kù. Kọ̀wé sí mi. Kódà kó jẹ́ èébú.

Ìyá rẹ


Encarnación, Paraguay
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹwàá

Màmá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo wà láàyè. Ara mi yá. Mo ti rù díẹ̀.

Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà yín méjèèjì dé ọwọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ tí mo kọ lẹ́tà burúkú yẹn sí yín gan-an ni wọ́n lé mi. Wọ́n dìbò lé mi lórí, Màmá. Àwọn tí kò gbà pé ìdìbò dáa. Rexford ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí n lọ nawọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ nawọ́, ó wá ń wo ojú àwọn ìyókù níkọ̀ọ̀kan. Òrùlé tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn, abẹ́ ẹ̀ ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n fi lé mi. Wọ́n gbé ẹrù mi sí ẹ̀yìn géètì, wọ́n sì ń ju lẹ́tà mi síta tẹ̀ lé e.

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn géètì yẹn ló ń bá mi ṣa àwọn lẹ́tà náà. Celsa lorúkọ rẹ̀. Òun ló fi mí sínú ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ gbé mi wá sí ìlú. Ó bi mí lójú ọ̀nà:

"Rexford yìí, ṣé ààrẹ yín ni?"

Mo ní a ò ní ààrẹ.

"Ṣé ọba yín ni?"

Mo ní a ò ní ọba.

"Ṣùgbọ́n òun ló lé ẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ní, "Ẹ̀yin gringo, ẹ̀yin òyìnbó! Ẹ fò gba orí òkun kọjá kí ẹ lè wá sin ẹyọ ọkùnrin kan. Ṣé kò sí ọ̀kan nítòsí ilé yín ni?"

Mo ń gbé yàrá kan lórí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ̀gbọ́n Celsa ti ń lẹ táyà. Mò ń kan òrùlé fún ará ìlú kan tó ń san owó orí, tó sì ń yọ tèmi náà kúrò lára owó iṣẹ́ mi lóṣooṣù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò kọ̀wé torí mi ò fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí mo wà. Ẹ̀yin lẹ tú mi sójú ayé, mi ò tí ì gbàgbé ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà ẹja yẹn, mo kà á fún Celsa náà, mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní kí n bá òun kí obìnrin tó ní ṣíbí.

Ọ̀rọ̀ Boyd kò yà mí lẹ́nu tó bó ṣe yẹ. Ìgbà tí fọ́tò yín jáde, ó kọ̀wé sí mi, ó pè mí ní ọ̀dàlẹ̀. Ó ní mo ti ta ẹgbẹ́. Mo rò ó títí, mi ò lè sùn. Àṣé ó ti mọ iye tí òun fúnra rẹ̀ ń dúró dè. Dray tún sàn díẹ̀. Dray ò díbọ́n fún mi rí pé ọ̀rẹ́ mi lòun.

Ìwé ìdìbò mi dé. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lọ́tùn-ún lósì. Dray wà níbẹ̀, èkejì tó burú jù ú lọ wà níbẹ̀, ẹni tí ẹgbẹ́ wa fà kalẹ̀ náà wà níbẹ̀, òun tó ti ń sọ kiri pé kò burú tí èèyàn bá dìbò fún Dray. Tábìlì inú yàrá yìí máa ń mì. Mo ká ìwé náà, mo fi sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò mì mọ́. Orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí.

Ọmọ yín,
Garrick


Ellisboro
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kọkànlá

Garrick ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọlọ́run ṣeun. Mo sunkún díẹ̀ nígbà tí mo rí ìkọ̀wé rẹ lórí àpòòwé, lẹ́yìn náà mo kà á, mo bínú. Abẹ́ tábìlì! Ìyá ìyá mi tó sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ tò sórí ìlà kó lè dìbò, abẹ́ tábìlì ni àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ wá fi ìwé ìdìbò sí! Ṣé kò sí páálí ní Paraguay ni?

O ti máa gbọ́ pé Dray wọlé. Ìbò bíńtín ló fi gba Wisconsin, àwọn èèyàn rẹ ló sì fi í fún un. Kí o má baà rò pé mò ń fi nǹkan pa mọ́ fún ẹ: èmi náà dìbò fún un. Má sọ nǹkan kan. Mo dúró nínú àgọ́ ìdìbò yẹn títí obìnrin tó ń ṣọ́ wa fi bi mí bóyá ara mi ò yá. Èkejì burú jù ú lọ, ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo dìbò fún un bí èèyàn ṣe ń gbé ìdọ̀tí lọ síta, torí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbé e. Mo fọ ọwọ́ mi nígbà tí mo délé. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe fún un. Mi ò po kọfí fún wọn mọ́.

Boyd ti gba tirẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìròyìn lánàá: igbá-kejì olùdarí ọ́fíìsì tuntun kan ní Washington, ọ́fíìsì tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ láti máa dín ọ́fíìsì kù. Ó máa ní akọ̀wé. Ó máa ní dírẹ́bà. Ó ya fọ́tò pẹ̀lú táì lọ́rùn, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbé odindi ẹyin mì. Nadine gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí tó fi ń ṣe irun fún àwọn arúgbó. Ó ní tí ìwé àṣẹ bá tún di ọ̀ràn, òun ti mọ ẹni tí òun máa kọ̀wé sí. A rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wá.

Tolliver pè mí. Ó ní ìdìbò sẹ́nétọ̀ ń bọ̀, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fà mọ́ra lọ́tẹ̀ yìí, ṣé mo mọ àgbẹ̀ kankan. Mo ní mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni wọ́n fẹ́?" Mo ní wọ́n fẹ́ kó gbé tẹlifóònù rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó yé e, mo ti bá a gbé e sílẹ̀.

Ilé wá dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọgbọ̀n ọdún ni gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ mi fi jẹ́ ti ọ́fíìsì yẹn. Mo jókòó, mo wo ògiri. Ọ̀rọ̀ tí o kọ sí mi ní oṣù Kẹjọ nípa ìjókòó tí wọ́n fún mi, ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo kà á.

Ta tiẹ̀ ni Celsa yìí? O dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà kan ju bí o ṣe dárúkọ Ọlọ́run láti ìgbà tí o ti dáyé. Má dáhùn, mo máa fi ojú ara mi wò ó. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oṣù Kìíní ni mò ń bọ̀, nígbà tí yìnyín bá bo gbogbo ibi yìí, tí kò sí nǹkan tí arúgbó lè ṣe níta. Mi ò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí, torí náà má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tí o bá rí bí ojú mi ṣe rí nígbà tí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

Má wá bá mi sọ̀rọ̀ òmìnira ní pápá ọkọ̀ òfúrufú. Èmi náà ò ní sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́. Ṣáà wá gbé báàgì mi. Ó wúwo.

Ìyá rẹ,
Arlys